Ewéko Etí Odò Nínú Àpótí Dígí àti Nínú Adágún Ilé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ewéko tí a kò lè jẹ, tí a kò sì lè fi ṣe oògùn, kò yẹ kí ó gba àyè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ó bu omi sínú àpótí dígí, tí ó fi ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí i, tí ó sì so ewé mọ́ òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a ní eré ọmọdé ni ó ń ṣe, tàbí pé owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò yìí kò burú pátápátá, nítorí iṣu ni ó ń bọ́ ilé, kì í ṣe òdòdó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún ọ̀ràn náà gbé yẹ̀wò. Ewéko kan wà ní etí àwọn odò igbó ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń fi owó rà, tí wọ́n sì ń tọ́jú bí ẹni tọ́jú ọmọ, nígbà tí àwọn tí odò náà ń ṣàn kọjá ní ẹ̀yìnkùlé wọn ń fi àdá ṣán an dànù kí wọ́n lè rí ọ̀nà pọn omi.

Anubias ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò. Ẹni tí ó bá ti rí òdòdó kókò rí, tí ó dàbí ọ̀pá kékeré tí a fi ewé kan ṣoṣo wé lára, kì yóò ṣàìdá ti Anubias mọ̀ nígbà tí ó bá rí i. Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó sì le bí awọ. Ìdí rẹ̀ kì í wọ inú ilẹ̀ lọ bí ti kókò. Ó ń rá lórí òkúta àti lórí gbòǹgbò igi, bí atalẹ̀ tí òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ a máa yọ lábẹ́ rẹ̀, wọn a di òkúta mú pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàrá kì í lè gbé e lọ. Abẹ́ òjìji igbó ni ó fẹ́ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí ilẹ̀ tútù ni ó wà. Bí òjò bá dé tí odò sì kún, omi a bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì ní kú. Èyí gan-an ni ó mú kí ó wúlò fún àpótí dígí, nítorí ewéko tí ó lè gbé orí ilẹ̀, tí ó sì lè gbé abẹ́ omi pẹ̀lú, kò pọ̀.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n kan ilẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1857 ni ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya lábẹ́ àṣẹ Dókítà Baikie. Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther wà nínú ìrìn àjò náà, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Glover, ẹni tí ó wá di gómìnà Èkó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Barter sì wà láàrin wọn, ẹni tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ ọgbà ní Kew nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa já ewé, kí ó tẹ̀ ẹ́ sáàrin ìwé títí yóò fi gbẹ, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ wọn fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bà. Barter kò padà sí ìlú rẹ̀ mọ́: ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó pa á ní Rábà ní ọdún 1859. Ní ọdún 1860, Schott, onímọ̀ ewéko kan ní ìlú Vienna, fi orúkọ olóògbé náà pe ọ̀kan nínú àwọn ewéko yìí, Anubias barteri, orúkọ náà kò sì tíì yí padà títí di òní. Schott kan náà ni ó ti sọ gbogbo ìdílé ewéko náà ní Anubias ní ọdún 1857, ní orúkọ Anubis, òrìṣà tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ gbà pé ó ń ṣọ́ òkú. Kò sí ohun tí ewé náà ṣe tí orúkọ bẹ́ẹ̀ fi yẹ ẹ́, àfi pé inú òkùnkùn igbó ni ó ń gbé.

Oríṣi Anubias barteri márùn-ún ni Crusio, ọmọ ilẹ̀ Hóláǹdì, yà sọ́tọ̀ nígbà tí ó tún ìwé wọn ṣe ní ọdún 1979. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní nana, ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni ó ti wá, òun sì ni àwọn olùsìn ẹja fẹ́ràn jù lọ. Lónìí, inú ọgbà àwọn oníṣòwò ní Denmark àti ní Singapore ni a ti ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu, tí a sì ń dì í sínú ọ̀rá ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Àwọn kan yóò gbọ́ èyí, wọn yóò sì bínú pé wọ́n ti jí ewéko wa kó lọ. Ìbínú náà kò bọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò mú ohun kan kúrò lẹ́bàá odò tí ó mú kí odò náà ṣófo. Ewé ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ju àwọn ará ilé lọ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Bí a bá tún rò ó wò, àǹfààní pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ yìí ju ti àwọn ará òkèèrè lọ. Ní England, ẹni tí ó bá fẹ́ gbin Anubias gbọ́dọ̀ máa fi iná mú omi gbóná tọ̀sán tòru, nítorí ooru omi tí ó wù ú kò gbọ́dọ̀ dín sí ìwọ̀n 22 púpọ̀, kò sì yẹ kí ó ju 28 lọ. Bí ó bá gbé e sí adágún ọgbà, òtútù ọyẹ́ wọn yóò pa á. Níhìn-ín, àmù tí ó wà lábẹ́ igi ọsàn ti ṣe gbogbo èyí láìná kọ́bọ̀. Nítorí náà ẹni tí kò ní àpótí dígí kò pàdánù ohun kan. Ìkòkò ńlá, tàbí àgbá tí a gé sí méjì, tàbí kòtò tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó gbà á.

Bí a ṣe ń gbìn ín kò ṣòro, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń da àgbẹ̀ gan-an láàmú ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọwọ́ àgbẹ̀ ti mọ́ kíkó ebè lé nǹkan lórí. Ìdí Anubias kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀. Bí a bá fi yanrìn bò ó, yóò rọ̀, yóò pọ́n, yóò sì máa rùn, ewé yóò sì máa já kúrò lára rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú tán. Kí a gbé e lé orí òkúta, tàbí lórí igi líle tí kò ní tètè jẹrà nínú omi, kí a fi òwú dúdú dì í díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe líle bí ẹni di ẹrù igi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti di òkúta náà mú, a sì lè já òwú kúrò. Bí apá kan bá ti rọ̀, kí a fi ọ̀bẹ mímú gé e dànù títí dé ibi tí ó le, tí ó sì funfun. Ìyókù yóò yè. Nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí a gé ìdí rẹ̀ sí ọ̀nà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó gbádùn.

Oòrùn gangan kò bá a lára mu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí a máa ń rí lórí òkúta odò yóò bo ewé rẹ̀, nítorí pé ewé kan a máa pẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó gbó, kò sì yára mú tuntun jáde. Ewé kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ìdàgbàsókè rẹ̀ rí. Ẹni tí kò ní sùúrù kí ó lọ gbin ẹ̀fọ́. Omi ẹ̀rọ tí a fi oògùn sí, kí a bù ú sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí a tó dà á sí orí ẹja. Kí a má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ ju ohun tí yóò jẹ tán lójú ẹsẹ̀, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń ba omi jẹ́. Ìgbẹ́ ẹja nìkan tó láti fi ṣe ajílẹ̀ fún ewéko náà. Ẹja tí ń jẹ ewé kì í sì í fẹ́ fi ẹnu kàn án, nítorí líle rẹ̀.

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti gbẹ́ ilé fún ẹ̀fọn pẹ̀lú, bí kò bá kíyèsára. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sójú omi tí kò ṣàn, títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fò, kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ ní ilẹ̀ olóoru. Tanwíjí tí a rí tí ń jó nínú omi ní ọjọ́ Ajé lè di ẹni tí ń kọrin létí ọmọ ní ọjọ́ Àìkú, ibà a sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, adágún tí kò ní ẹja kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé tí ọmọ wà. Ẹja wẹ́wẹ́ inú odò, àwọn tí ń gbé ojú omi tí wọn kò gùn ju ìka lọ, a máa jẹ tanwíjí tọkàntọkàn. Mẹ́wàá nínú wọn a tó fún àmù ńlá kan. Ẹni tí kò bá rí ẹja, kí ó da omi náà nù pátápátá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì fọ ògiri ìkòkò, nítorí ẹyin ẹ̀fọn mìíràn a máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú oró tún ni ọ̀ràn tirẹ̀. Yorùbá kò yéé fi í ṣe àdúrà pé kí ọmọ wọn lékè bí ojú oró ti ń lékè omi, àdúrà náà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fà á tu wò yóò rí irun gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́, tí ó pọ̀ bí irùngbọ̀n àgbà. Irú ẹ̀fọn kan wà tí ọmọ rẹ̀ kì í gòkè wá mí lójú omi bí àwọn yòókù. Gbòǹgbò ojú oró ni ó ń gún, inú rẹ̀ ni ó sì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹja kì í tètè rí i níbẹ̀, kẹrosíìnì tí a bá dà sójú omi kì í sì í pa á. Ní ilẹ̀ Éṣíà, irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé jàbùtẹ̀ kiri. Ní erékùṣù Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí, kíkó ojú oró kúrò nínú omi wà lára ohun tí wọ́n fi ṣẹ́gun àrùn náà. Ẹni tí ó bá ní òsíbàtà tàbí Anubias tó fún ẹwà kò nílò ojú oró nínú adágún ilé rẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìgbín omi wẹ́wẹ́. Inú wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kí ó tó wọ ara ènìyàn, èyí tí ó ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹyin wọn máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé bí omi ọ̀rá, wọ́n sì ń bá ewéko rin ìrìn àjò láti odò dé ilé. Kí a fi ọwọ́ nu ewé kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ àti lókè, kí a ṣan án nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àdúgbò tí àtọ̀sí ajá bá wà, kí a má ṣe rán ọmọ wọ odò nítorí ewé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí ni pé ewéko tí a gbìn sínú ilé kì í fi ìgbà gbogbo jókòó sínú ilé. Kò sí apẹja tí kò mọ ewéko olódòdó àlùkò tí ó ń léfòó, tí ó ti dí ojú omi láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́ àti dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbé e yí ayé ká. Wọ́n fi í sí adágún ọgbà, wọ́n fi í sínú àwo dígí, nígbà tí ó sì pọ̀ jù fún wọn, ó bọ́ sínú odò. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ó wọ odò St. Johns ní Florida, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń há sínú rẹ̀. Ní ọdún 1899 ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní láti fi àṣẹ sí i pé kí a máa kó o kúrò lójú omi. Ní Nàìjíríà, ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ lójú omi Àgbádárìgì, omi tí ó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ará etí omi lè sọ ọ́ ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ. Bí oòrùn bá wà tí omi sì lọ́ràá, ewéko náà lè di ìlọ́po méjì láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ lè sùn nínú ẹrẹ̀ ju ọdún 15 lọ, kí ó sì tún jí. Ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọ̀n ya, ẹja kú lábẹ́ rẹ̀ nítorí àìrí atẹ́gùn, obìnrin tí ń gbé ẹja lọ sí ọjà sì dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Láti ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí tí olú ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí tú kòkòrò kékeré kan sílẹ̀ sójú omi gúúsù Benin, ìbátan kòkòrò tí ń ba àgbàdo jẹ́ nínú àká, tí a mú wá láti ilé ewéko náà gan-an. Kòkòrò náà ń jẹ ẹ́, ó sì dín in kù gidigidi níbẹ̀. Kò pa á run. Ó sì lè jẹ́ pé garawa kan péré ni gbogbo ìyọnu yìí ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí ohun tí ó lẹ́wà kú lójú òun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ewéko àjèjì nìkan ni ó ní ìwà yìí. Kókò, tí a ń sè fún ọmọ jẹ, àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbìn ín sí etí adágún wọn nítorí ewé rẹ̀ tí ó fẹ̀, ó sì ti sá kúrò nínú ọgbà wọn, ó di èpò ní etí àwọn odò Florida. Wọ́n ń náwó lé e lórí bí a ti ń náwó lé tiwọn lórí níhìn-ín. Ewéko kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ibi tí a gbé e sí ni ó ń sọ ohun tí yóò dà, àti bí ó ti ń yára pọ̀ tó. Anubias, tí ń yọ ewé kan ní oṣù kan, kò lè dí ojú odò láéláé. Èyí tí ń di méjì láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kò yẹ kí ó wọ inú àgbàlá ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń tà ewéko àti ẹja ọ̀ṣọ́ ní ìlú ńlá máa sọ èyí fún oníbàárà wọn kí wọ́n tó gba owó.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá lọ mú Anubias ní odò, kí ó gé ẹ̀ka kan lára ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ lórí òkúta rẹ̀. Pàápàá jù lọ, kí ó wo òkè orí rẹ̀. Bí igi etí odò bá ti lọ, tí àgbẹ̀ ti ṣán igbó dé bèbè omi nítorí ebè mẹ́wàá sí i, òjìji ti lọ, ewé náà yóò sì jóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ń jẹ tanwíjí yóò sì tẹ̀ lé e nígbà tí omi bá gbóná tí ó sì fà. Ebè mẹ́wàá náà kì í sì í pẹ́ kí àgbàrá tó wọ́ ọ lọ.

Nígbà tí adágún ilé bá kún jù, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a dín in kù, kí odò tó gbẹ tí omi yóò sì wọ́n. Kí a kó gbogbo èyí tí a kò fẹ́ sórí àpáta tàbí sórí pánù, kí oòrùn pa á fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi máa dún lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, kí a fi eérú díẹ̀ dà á pọ̀, kí a sì rì í mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi tí a bá gbọ́n jáde, orí ilẹ̀ ọgbà ni kí a dà á sí, kì í ṣe sínú gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sí odò.